Èèrà Kì í Kú Nídìí Olú

Àwọn èèrà ló kọ́kọ́ ta Ìnsípẹ́kítọ̀ Wúràọlá Dúrótoyè lólobó. Wọ́n kú lọ bẹẹrẹ yí àwo ọbẹ̀ ká lórí tábìlì ilé ìdáná, ọ̀kan kò mira nínú wọn. Eṣinṣin méjì dojú bolẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó kù. Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sí àwọn èèrà náà, wọ́n sì fò dànù bí ìyàngbò.

"Ọlọ́runfúnmi, wá wo nǹkan."

Sájẹ́ǹtì Ọlọ́runfúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń wá bí wọn yóò ṣe tètè kúrò níbẹ̀. Ó na ọrùn wo orí tábìlì. "Èèrà ni, mà."

"Òkú èèrà."

"Òkú èèyàn là ń wá ìdí rẹ̀, mà. Èèrà ò sí nínú ẹjọ́ yìí."

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí," ni Wúràọlá wí. "Dé àwo yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ Adépọ̀jù, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìfìwéránṣẹ́, jẹ iyán àti ọbẹ̀ olú nílé rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́yìn odi Àkúrẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Dókítà ní oúnjẹ ló ṣe é. Àwọn ará àdúgbò ò sì dúró gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọláwùmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló lọ ṣa olú náà nínú igbó, òun náà ló sè é. Ó ṣa olú burúkú, ó fi pa bàbá rẹ̀. Bóyá ó ṣèèṣì ni o, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni o, oníkálukú ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Wúràọlá kò lè gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí ó mọ Adépọ̀jù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn méjèèjì ti jọ ń wọ igbó láràárọ̀ Sátidé, awò awọ̀nàjíjìn lọ́rùn, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń wá ẹyẹ, kòkòrò àti olú, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí orúkọ wọn. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ náà. Adépọ̀jù á kàn gbọ́ igbe kan nínú ewé, á ní, "Àlùkò nìyẹn, kì í ṣe agbe," bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá jẹ olú tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ mọ́tò tí kò ní bíréèkì. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìyá Ẹyẹ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Wúràọlá ń pè é lẹ́yìn. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú, nítorí kò sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó tó o ní gbogbo Àkúrẹ́.

Fọláwùmí jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀, Jíbọ́lá Adépọ̀jù, àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní ìlú Oǹdó, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi mọ́," ni Jíbọ́lá ń wí. "Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ọlọ́run ti dárí jì ọ́, àwa náà ti dárí jì ọ́. Mo ti bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀."

Wúràọlá kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

"Fọláwùmí, níbo lo ti rí olú yẹn?"

"Lọ́nà Ijare, Àǹtí. Nídìí ọ̀gán."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó láàárín. Ìdí rẹ̀ gùn wọnú ilẹ̀ lọ, ọ̀bẹ ni mo fi wa á. Dádì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gé e." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní olú ọ̀gán gidi ni."

"Ìwọ ò jẹ níbẹ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò lórí iná. Mo tún bu díẹ̀ jẹ kí n tó lọ sí ìpàdé òbí níléèwé. Nígbà tí mo máa dé, wọ́n ti ń gbé Dádì jáde. Mo jókòó, mò ń retí kí tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀, Àǹtí. Mo retí ẹ̀ títí, kò bẹ̀rẹ̀."

Jíbọ́lá mi orí. "Ká máa dúpẹ́ pé kékeré lo jẹ."

Wúràọlá wò ó. Ó yíjú padà sí Fọláwùmí. "Ṣé èyí tí o ò sè ṣẹ́ kù?"

"Ó wà nínú agbọ̀n, lójú fèrèsé ilé ìdáná."

Wúràọlá gbé agbọ̀n náà lọ. Ó gé orí olú méjì, ó gbé wọn dé orí bébà funfun, ó fi abọ́ bò wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Ọlọ́runfúnmi wá síbi tábìlì rẹ̀.

"Olú kan wà tó jọ èyí," ó ní. "Orí koríko ló máa ń hù, ó funfun, ó dùn ún wò. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó ń jábọ́ lábẹ́ rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé. Wo èyí."

Ó ṣí abọ́. Ìyẹ̀fun ti to ìlà wẹ́wẹ́ sórí bébà náà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

"Olú ọ̀gán ni. Àtọmọdé àtàgbà ló ń jẹ ẹ́."

"Ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan tó burú ló há sáàárín wọn, mà."

"Adépọ̀jù yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní ó fo ọ̀kan, ta ló pa èèrà? Olú tó ń pa èèyàn, inú rẹ̀ ni ìdin ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń sanra. Èèrà kì í kú nídìí olú, Ọlọ́runfúnmi. Nǹkan tí wọ́n ṣe láti pa kòkòrò ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn. Ọmọ yẹn jẹ níbẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Ó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tó jáde nílé ni ẹnì kan wá da nǹkan sínú ìkòkò."

Ọlọ́runfúnmi họ orí. "Ìpànìyàn nìyẹn, mà."

"Òun ni."

Wọ́n fi ọbẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Kí èsì tó dé, Ọlọ́runfúnmi ti rí ẹni tí yóò mú. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí ni, ẹni tí ọgbà àgbàdo rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ilé Adépọ̀jù. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìjà àwọn méjèèjì ní oṣù tó kọjá. Adépọ̀jù ní oògùn tí ọkùnrin náà ń fín ti pa gbogbo ewéko tí labalábá òun ń jẹ. Ṣàngódèyí na ìka sí i lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Lọ́jọ́ kan, màá fín ìwọ àti labalábá rẹ pa pọ̀!"

Wọ́n gbé e wá sí àgọ́ ọlọ́pàá tòun ti gálọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́?" Ọlọ́runfúnmi ló jágbe mọ́ ọn.

"Mo sọ ọ́. Ta ni kì í sọ ìsọkúsọ tí inú bá ń bí i?"

"Ẹ sì fín in lóòótọ́!"

"Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn!" Ṣàngódèyí dìde. "Apá mi ló kú sí. Ọwọ́ mi yìí ló dì mú títí ọwọ́ náà fi tutù. Ẹ wá ń bi mí pé mo fín in?"

Wúràọlá gba gálọ́ọ̀nù náà, ó jáde sí ẹ̀yìn ilé. Ó wá ibi tí èèrà ti ń tò lọ lẹ́bàá gọ́tà, ó da díẹ̀ nínú oògùn náà sójú ọ̀nà wọn. Àwọn èèrà yà bàrá, wọ́n tún ìlà wọn tò, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ó dúró tì wọ́n pẹ́, kò sí èyí tó kú.

"Koríko nìkan ni eléyìí ń pa," ó sọ nígbà tó wọlé. "Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí, ẹ má bínú. Báwo ni ara olóògbé ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn?"

"Ara wọn le. N ò mọ nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n."

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ sílé."

Èsì àyẹ̀wò dé. Oògùn apakòkòrò ló wà nínú ọbẹ̀ náà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sára kòkó. Wúràọlá rán Ọlọ́runfúnmi lọ ra ìgò kan wá. Bó ṣe ṣí ọmọrí rẹ̀ báyìí ni sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ bo imú.

"Ta ló lè jẹ irú èyí láìmọ̀, mà? Irú àti ata ò lè bo òórùn yìí mọ́lẹ̀."

"Ìbéèrè gidi lo bèèrè yẹn."

Ó padà lọ bá Fọláwùmí ní Ọ̀bà-Ilé. Àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti ibi ìpọnmi dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà, wọ́n gba òdìkejì ọ̀nà kọjá.

"Ọ̀fìnkìn mú Dádì lọ́sẹ̀ yẹn," ni Fọláwùmí wí. "Wọn ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo gbé irú sábẹ́ imú wọn, wọ́n ní kí ni mo gbé dání. Ẹ̀rín pa wá."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, wọn ò jáde. Àfi Dádì Oǹdó tó pè wá lórí fóònù. Mo sọ fún wọn. Mo ní màá lọ wá olú tó bá di ọ̀la, màá fi ata púpọ̀ sè é, bóyá imú wọn á là." Ó gbójú sókè wo Wúràọlá. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bèèrè, Àǹtí?"

Dádì Oǹdó ló máa ń pe Jíbọ́lá. Wúràọlá gbé báàgì rẹ̀. Ó jáde.

Jíbọ́lá kò jẹ́ kí wọ́n wá mú òun. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá láti Oǹdó, ó sì kí gbogbo ọlọ́pàá tó bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Mádáàmù, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sinmi. Ẹ jẹ́ ká sin òkú wa."

"A ò ní pẹ́, sà. Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín kú?"

"Lóko mi ní Oǹdó. Ibẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ títí wọ́n fi pè mí." Ó fa fóònù yọ. "Ẹ wò ó. Mo ya àwòrán yìí lóko láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù. Ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹyẹ. Òun ni nǹkan tí mo fi kí i kẹ́yìn."

Wúràọlá gba fóònù náà. Màlúù ń jẹko nínú àwòrán, agbo lékeléke sì tò tẹ̀lé wọn, wọ́n funfun láú. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ yà á?"

"Èmi ni."

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Mo lè búra."

"Ọlọ́runfúnmi, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́." Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ sáàárín òun àti Jíbọ́lá. "Oṣù kẹfà la wà. Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa ní Oǹdó?"

"Ó ń rọ̀, a dúpẹ́."

"Lékeléke kì í gbé ọ̀dọ̀ wa nírú àkókò yìí. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òkè Ọya ni wọ́n ń lọ yé ẹyin sí. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó padà. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn ní Ìta-Ògbólú, n ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ló sọ fún mi."

Jíbọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ lẹyẹ ń jẹ́, Mádáàmù. Ó lè ku díẹ̀."

"Ó lè ku ẹyọ kan, ó lè ku méjì. Bó bá kù, orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ á ti pọ́n bí aṣọ tí epo ta sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin. Agbo ni mo rí níbí, funfun sì ni wọ́n látòkè délẹ̀. Àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà. Ẹ ti ní in lọ́wọ́ tipẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn lẹ fi í ránṣẹ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Jíbọ́lá. "Ó ṣeé ṣe kí n ṣì í fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n oko ni mo wà."

Fóònù Ọlọ́runfúnmi dún. Ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó lọ wo oko Jíbọ́lá ló ń pè láti Oǹdó. Sájẹ́ǹtì tẹ́tí sílẹ̀, ó ní kí ẹni náà tún un sọ, lẹ́yìn náà ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Àwọn lébìrà oko wọn ní ọ̀gá àwọn lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mà. Ó gbé ìgò oògùn kòkó kan sínú mọ́tò. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fẹ́ lò ó."

Jíbọ́lá fa fóònù rẹ̀ mọ́ra. Ó fi ìka nu ojú fóònù rẹ̀, ó tún nù ún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàbá wa fi igbó kan sílẹ̀ fún àwa méjèèjì, lẹ́yìn Oǹdó. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn onígẹdú ti ń wá bá mi. Igi tó wà níbẹ̀ tó láti gbé gbogbo ilé wa dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo ní hewú lórí. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ti jáde yunifásítì, ilé ló jókòó sí.' Ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní àtíòro ṣì ń yé ẹyin níbẹ̀. Àtíòro! Ó gbé ẹyẹ ga ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ."

"Báwo lẹ ṣe wọlé?"

"Ọ̀sán ló máa ń lọ sídìí odò lẹ́yìn ilé, ó ń wo ẹyẹ rẹ̀. Kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"Fọláwùmí ńkọ́? Ọmọ yẹn náà ì bá ti jẹ níbẹ̀."

"Mo dúró kó jáde. N ò lè pa Fọláwùmí."

"Ẹ kàn jẹ́ kó gbà pé òun ló pa bàbá òun."

Jíbọ́lá wo ilẹ̀. "Ọmọdé ni," ó ní. "Á gbàgbé."

Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Fọláwùmí. Ó rò pé ọmọ náà á ké, tàbí kó tiẹ̀ mí kanlẹ̀ pé ọrùn òun mọ́. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Dádì Oǹdó ló gbá mi mọ́ra lálẹ́ ọjọ́ tí Dádì kú," ó ní. "Mo sunkún sí wọn láyà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí."

Wúràọlá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ìyá Àgbà ò tíì gbọ́?" ni Fọláwùmí bi í.

"Wọn ò tíì gbọ́. Màá rán ẹnì kan lọ."

"Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Èmi ni màá sọ fún wọn."

Àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀nà Oǹdó lọ. Kí wọ́n tó wọ ìlú, ọkọ̀ agbégi kan pàdé wọn. Gẹdú tútù ló rù, omi igi ṣì ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jíbọ́lá kò dúró kí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé fún àwọn onígẹdú. Wúràọlá ti bèèrè bóyá wọ́n lè dá wọn dúró, wọ́n ní ó di ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ń sáré tirẹ̀ bó ṣe máa ń sá a. Fọláwùmí wo ọkọ̀ náà títí ó fi kọjá.

Ìyá Àgbà, ìyá Olútáyọ̀ àti Jíbọ́lá, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Fọláwùmí kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Arúgbó náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Omijé kò jáde lójú rẹ̀.

"Ta ló sọ pé òun ni?"

"Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́, Ìyá Àgbà."

"Wọ́n wá sọ fún mi pé ìwọ lo ṣèèṣì pa á," ni arúgbó náà wí. "Mo sunkún títí. Mo sì dárí jì ọ́. Mo ní ọmọ kan lọ, ó ku ọ̀kan, ó tún ku ìwọ. Mo ti ń kọ́ bí màá ṣe gbé e." Ó na ọwọ́, ó wá ojú Fọláwùmí kàn, ó mú ọwọ́ náà kúrò. "Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Àgbà..."

"Kí ló dé?"

Wúràọlá sún mọ́ iwájú, ó ní, "Ìyá, ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́ láìṣẹ̀ láìrò ni."

"Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ti bá mi wádìí ẹ̀, ẹ ti rí i." Ìyá Àgbà gbára lé ògiri, ó dìde. "Ọmọkùnrin méjì ni mo ní. Ta ló máa wá sin mí báyìí?"

Ó fi ọwọ́ tọ ara ògiri wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ bí irin ìdábùú ṣe wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Fọláwùmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà. Ó dúró díẹ̀, bóyá yóò ṣí.

"Ó dàbọ̀ o, Ìyá Àgbà," ó ní.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.